Bí Mo Ṣe Tún Ẹnubodè Ìlú Fohùnránṣẹ́ Ṣe

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ má ṣọ̀lẹ, ohùn mi kì í ròkè mọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò lórin, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí pé òun máa gbe orin. Bí mo bá dákẹ́ láàárín, ẹ má fọwọ́ tọ́ mi. Màá tún bẹ̀rẹ̀ fúnra mi.

Èmi ni Ọdẹ́jídé, ọmọ Ọdẹ́tọ́lá. Ẹfọ̀n mọ̀ mí. Ẹkùn tó bá gbọ́ ikọ́ mi á yà fún mi lọ́nà. Iwin tó ń fi orí rìn, mo ti gbá a létí rí, ó sì bẹ̀ mí. Nígbà kan, bí mo bá ń sọ èyí, màá dìde, màá gbọn ẹ̀wù ọdẹ mi, àwọn obìnrin á hó yèè. Lónìí, ìjókòó ni mo jókòó sọ ọ́. Òótọ́ ṣì ni, ṣùgbọ́n kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ìyàwó mi ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Àwa ọdẹ ìlú wa, bí a bá pẹ́ nínú igbó, ẹyẹ là ń rán sílé. Ẹnà la fi ń sọ̀rọ̀ sí ẹyẹ náà lẹ́nu, kí ẹlòmíì má baà gbọ́ ohun tí a ń bá ará ilé wa sọ. Irú ẹnà wo? Èyí tí baba ńlá wa ń sọ ni, tí wọ́n ń fi gà-gí-gó há ọ̀rọ̀ láàárín. Ta ni kò gbọ́ ọ? Ọmọ tó ń rákòrò gbọ́ ọ. Ewúrẹ́ pàápàá, mo fura sí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn baba ló fi í sílẹ̀, a kò sì fẹ́ kí wọ́n ní a gbọ́n jù wọ́n lọ. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Àwọn àgbà ló pa òwe yẹn, àwọn náà ni kò jẹ́ ká yí ẹnà padà.

Ní ọjọ́ kan mo ti igbó dé, mo bá ilé lófìfo. Iná ti kú nínú àdògán. Obìnrin ilé kejì ló yọjú sí mi.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Àwẹ̀ró ńkọ́? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pè é?"

Mo ní, "Èmi kẹ̀?"

"Háà! Ẹyẹ yín bà sórí òrùlé, ó fi ẹnà yín sọ̀rọ̀, ó ní kó wá pàdé yín létí odò. Ohùn yín ni, bàbá. Èmi náà gbọ́ ọ."

N kò rán ẹyẹ kankan. Wọ́n ní kí n sunkún kí àyà mi lè fúyẹ́. N kò sunkún. Kí ẹ má pè é ní ìgboyà o, ojú mi ló gbẹ. Ó ti gbẹ tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Mo mú àdá, mo mú ìbọn, mo gbé àpò kọ́ apá, mo sì wá aya mi lọ.

Igbó tí mo kọ́kọ́ wọ̀, ẹ má bi mí bó ṣe jìnnà tó. Iwin kan ló ni ín, Ajẹkún lorúkọ rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló ní, ahọ́n rẹ̀ gùn dé orúnkún, ẹkún ènìyàn sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá mú ọ, á so ọ́ mọ́ igi, á máa fi pàṣán nà ọ́ títí wàá fi ké, á wá máa lá omijé rẹ bí ẹni tó ń lá oyin. Ó mú mi. Ó so mí mọ́ igi apá kan, ó bẹ̀rẹ̀. Ó nà mí títí pàṣán ṣẹ́. Ó já òmíràn, ìyẹn náà ṣẹ́. Mo ń wò ó.

Ó ní, "Ṣé kò dùn ọ́ ni?"

Mo ní, "Ó dùn mí."

"Kí ló wá dé tí o kò ké?"

"Mo wá igbe náà, n kò rí i."

Ajẹkún jókòó sílẹ̀ gbì, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Mo gbé! Ebi á pa mí kú sórí ẹran yìí lónìí. Irú èèyàn wo lèyí?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ti gbọ́ nípa ọdẹ tó fìbọn ṣẹ́gun iwin. Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa èyí tó febi pa iwin nítorí pé kò lè sunkún? Èmi nìyẹn. Ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní, "Màá pa àlọ́ kan fún ọ. Bí o bá mọ̀ ọ́n, màá tú ọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni wàá gbẹ sí. Kí ni olè jí gbé, tí olóhun kò wá a, nítorí pé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo ronú kan Àwẹ̀ró àti ẹyẹ orí òrùlé. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́."

Ajẹkún tú mi. Ó ní, "Adúró-láàárín ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ. Àárín ọ̀nà ló ń gbé. Bí ọ̀rọ̀ bá ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, á gbà á, á gbọ́ ọ, á fi ohùn ẹni tó ni ín tún un sọ bó ṣe wù ú, á sì jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tó ránni kò mọ̀, ẹni tí wọ́n rán an sí kò mọ̀. Ohùn rẹ ló fi so ìyàwó rẹ mọ́lẹ̀. Láràárọ̀ ló ń fi í sọ fún un pé, 'Dúró dè mí, mò ń bọ̀,' ìyẹn sì ń dúró."

Mo ní, "Níbo ni n ó ti bá a jà?"

"Àdá kì í gé ohùn, ọdẹ. Ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú Fohùnránṣẹ́ ló ń jẹ tó fi lágbára. Lọ bá wọn dí ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti ń jò. Bí ebi bá pa á, ọwọ́ rẹ̀ á dẹ̀, gbogbo ẹni tó so mọ́lẹ̀ á sì rìn wá sí ẹnubodè wọn."

Bí mo ṣe dé ìlú Fohùnránṣẹ́ nìyẹn. Àwọn ará ibẹ̀ kì í rìn jáde. Okùn ni wọ́n ta láti ilé dé ilé, láti ìlú wọn dé ìlú mìíràn, orí okùn náà ni ohùn wọn ń gbà. Aláìsàn á rán ohùn sí ilé oògùn. Ẹni tó fẹ́ ra iṣu á rán ohùn sọ́jà. Gbogbo okùn yìí ló gba ẹnubodè kan ṣoṣo kọjá. Ohùn kọ̀ọ̀kan ló ní òǹtẹ̀ ọba lára, tí yóò fi hàn pé ohùn ẹni tó pe ara rẹ̀ ni lóòótọ́. Ẹyẹ kan wà lórí ẹnubodè tó ń wo òǹtẹ̀, ọkùnrin kan sì ń ṣọ́ ìlẹ̀kùn nísàlẹ̀. Jẹ́ókọjá ni wọ́n ń pè é.

Bí mo ṣe ń súnmọ́ wọn, ohùn kan ń wọlé. Ẹyẹ náà figbe ta: "Òǹtẹ̀ yìí ti kú! Òǹtẹ̀ yìí ti kú!" Jẹ́ókọjá kò gbójú sókè. Ó bu àgbàdo, ó jù ú sí ẹyẹ lẹ́nu, ẹyẹ dákẹ́, ohùn náà wọlé. Òmíràn dé, ẹyẹ tún ké, ó tún ju àgbàdo. Ẹyẹ náà ti sanra débi pé kò lè fò mọ́.

Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, kí ni ẹyẹ yìí ń wí?"

Ó ní, "Bó ṣe máa ń ké nìyẹn, bàbá. Ẹ má dá a lóhùn. Bí a bá ti fún un lágbàdo, ó tán."

"Ṣé òótọ́ ló ń sọ?"

"Ta ló ráyè bi í?"

Mo lọ bá Adelé, obìnrin arúgbó tó ń di ìlú mú. Ọ̀rọ̀ ti sú òun náà. Ó ní, "Ọdẹ, ìlú wa ti bàjẹ́. Obìnrin kan ránṣẹ́ béèrè oògùn ikọ́ fún ọkọ rẹ̀, májèlé ni wọ́n rán sí i, ohùn ilé oògùn sì ni. Ọmọ ń gbọ́ èébú lẹ́nu ìyá rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kò bú u. A kò mọ ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo bi í nípa òǹtẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fà á, nítorí àṣà wa ni: a kì í sọ pé ọba kú. Ọba tó ni òǹtẹ̀ yẹn ti wàjà kí wọ́n tó bí Jẹ́ókọjá. Nítorí pé kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òǹtẹ̀ rẹ̀ ti kú. Igi òǹtẹ̀ náà wà lójúde ààfin ní gbangba, ẹni tó bá wù ló ń fi lu ohùn ara rẹ̀. Àwọn ọ̀lẹ tiẹ̀ ti gbẹ́ tiwọn sílé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì ti la tiwọn sílẹ̀ gbayawu.

Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ ọ́ fún ìlú pé ọba kú."

Àwọn ìjòyè di etí. Ọ̀kan ní kí wọ́n na èmi náà. Mo ní wọ́n ti nà mí lọ́nà. Adelé kò di tirẹ̀. Ó dìde, ó jáde sójúde ààfin, ó tú gèlè rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀. Gbogbo ìlú wò ó. Kò lanu, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó sọ. Ìlú sunkún ọba wọn lọ́jọ́ náà, ẹkún tó ti pẹ́ nínú wọn. Èmi dúró láàárín wọn, mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà mo mú àdá, mo la igi òǹtẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi dáná.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ tí mo ṣe níbẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé ọdẹ kì í ṣe òmùgọ̀. Mo ní kí oníkálùkù gba òǹtẹ̀ tirẹ̀, kó sì má yá ẹnikẹ́ni. Ààfin kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní òǹtẹ̀ àfi bí ẹlẹ́rìí méjì tó mọ̀ ọ́n bá dúró fún un, nítorí ẹlẹ́rìí kan ṣeé rà. Bí iṣu tuntun bá sì jáde, gbogbo òǹtẹ̀ ọdún náà ti kú nìyẹn, kí kálukú lọ gba òmíràn. Ní ti ẹnà, mo ní kí ẹni méjì tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ jọ dá ẹnà tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti parí. Ọdẹ tó bá ń gba ipa kan ṣoṣo wọgbó, ẹranko ni yóò dọdẹ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, òun ni mo fi kọ́ wọn. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fún ẹyẹ lágbàdo mọ́ bó bá ń ké lọ́wọ́.

A ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ ṣì ń jò. Mo ní, èwo tún nìyí? Mo gun orí ẹnubodè, mo gẹ̀gùn bí ẹni tó ń dúró de ẹtu. Kò pẹ́, ohùn kan dé, ó ń wúkọ́ gẹ́gẹ́ bí arúgbó.

"Ọmọ mi, Jẹ́ókọjá, èmi bàbá àgbà ni. Etí mi ò gba ẹnà tuntun yín yìí. Ṣé o lè fi tàtijọ́ dá mi lóhùn?"

Jẹ́ókọjá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú àgbà o, bàbá! Kí ni ò ní ṣeé ṣe?" Ó bọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó gbé kèrègbè kan jáde, ẹnà àtijọ́ ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ó ṣí i, ohùn arúgbó náà sì wọlé wẹ́rẹ́. Ibi tí Adúró-láàárín ń gbà nìyẹn. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀, á sọ fún eléyìí pé àgbà ni tọ̀hún, kò gbọ́ tuntun. Á sọ fún tọ̀hún pé àgbà ni eléyìí. Àwọn méjèèjì á bọ̀wọ̀ fún ara wọn, wọ́n á padà sí ẹnà tí ewúrẹ́ gbọ́.

Mo bọ́ sílẹ̀. Mo ní, "O tún tọ́jú rẹ̀ pa mọ́?"

"Bàbá, ẹ ò gbọ́ pé àgbàlagbà ló ń sọ̀rọ̀ ni? Ṣé kí n lé àgbà padà lẹ́nu ọ̀nà?"

"Lé e padà."

"Wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi nílé."

"Kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ àgbà lóòótọ́, a ó lọ bá a nílé, a ó jókòó tì í, a ó kọ́ ọ ní ẹnà tuntun."

Òun fúnra rẹ̀ ló fọ́ kèrègbè náà. A lọ bá àwọn àgbà nílé wọn lóòótọ́. Àwọn kan kọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn kan ṣépè fún mi. Èpè náà ṣì wà lára mi, n kò mọ ohun tó ń dúró dè.

Lẹ́yìn èyí, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa Adúró-láàárín. Àwọn tó so mọ́lẹ̀ ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá dé, á pe orúkọ rẹ̀ níta, ẹlẹ́rìí méjì á jáde nínú ìlú, Jẹ́ókọjá á ṣílẹ̀kùn, ìdílé á dì mọ́ ọn. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn lójoojúmọ́.

Àwẹ̀ró dé ní ọ̀sán gangan. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, n kò rí i, nítorí ìlẹ̀kùn náà kò ní ihò. Ó fi ẹnà àtijọ́ sọ̀rọ̀, nítorí kò mọ òmíràn. "Ọkọ mi, ṣé ibẹ̀ lo wà? Ó ti rẹ̀ mí láti dúró."

Ohùn rẹ̀ kò ní òǹtẹ̀ tuntun, ẹyẹ sì ké: "Òǹtẹ̀ yìí ti kú!" Jẹ́ókọjá na ọwọ́ sí àgbàdo. Mo di ọwọ́ náà mú.

Adelé ti dé ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Ọdẹ, ìyàwó rẹ nìyẹn. Ìwọ lo ṣòfin, yọ ọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀."

Mo ní, "Ìyá, ẹlẹ́rìí méjì ni òfin. Èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n níbí." Mo fẹnu ti igi ìlẹ̀kùn, mo ní, "Kí ni mo kọ́kọ́ sọ fún ọ lọ́jọ́ tí mo rí ọ létí odò?"

Ó ní, "O ní kí n fún ọ lómi mu, nígbà tí o dúró sínú odò dé orúnkún."

Òun ni. Ṣùgbọ́n kí n tó mí, ohùn kejì dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàkọ́kọ́, ohùn Àwẹ̀ró náà ni, kò sí ìyàtọ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, má dá a lóhùn, èmi ni. O ní kí n fún ọ lómi mu, nígbà tí o dúró sínú odò dé orúnkún."

Mo bi wọ́n lórúkọ ajá mi tó kú. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n. Mo bi wọ́n ní ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá mi àti Àwẹ̀ró. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí mo ti fi rán ẹyẹ láti ọdún tí a ti fẹ́ra ló wà lẹ́nu Adúró-láàárín. Mo wá ohun tí n kò fi rán ẹyẹ rí. Ohun kan ṣoṣo ló kù.

Ẹ fún mi lómi.

A bí ọmọ kan, ọkùnrin. Kò pé ọjọ́ ìkómọ tó fi kú. Àwọn ẹlòmíì ló sin ín, a kò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ, kò sí ohun tí aráyé lè fi pè é. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ti yan orúkọ fún un. Ó sọ ọ́ sí mi létí lórí ẹní, nígbà tí ọmọ náà ń mu ọyàn. Láti ìgbà tó ti kú, a kò pe orúkọ náà mọ́. A kò fi rán ẹyẹ, a kò sọ ọ́ fún ara wa. Ìgbà yẹn ni ojú mi gbẹ.

Mo ní, "Kí lorúkọ ọmọ wa?"

Ohùn kan dáhùn kíá: "Ọkọ mi, kí ló ṣe ọ́? Ṣebí a kò tíì bímọ."

Ohùn tó kù dákẹ́. Ó dákẹ́ títí Jẹ́ókọjá fi ń wò mí lójú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Má jẹ́ kí n sọ ọ́ níta gbangba."

"Sọ ọ́, Àwẹ̀ró."

"Ẹni tó jí ohùn mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń gbọ́."

"Mo mọ̀. Sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Ẹ má bi mí, n kò ní sọ ọ́ fún yín. Mo wo Adelé, mo ní, "Ẹlẹ́rìí kan ni èmi. Orúkọ yẹn ni ìkejì." Adelé mi orí pé òun gbà, Jẹ́ókọjá ṣílẹ̀kùn, ìyàwó mi wọlé. Ó ti rù. Ó di ẹ̀wù mi mú. Bí ìlẹ̀kùn ṣe ń padé, mo gbọ́ ohùn tó kù níta. Ó ń pe orúkọ ọmọ náà jẹ́jẹ́, léraléra, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Mo gbọ́ pé ẹnubodè Fohùnránṣẹ́ ṣì dára títí di òní, àti pé ẹyẹ ti rù, ó ti ń fò. Mo mú ìyàwó mi délé. Ìyẹn ni mo lọ ṣe, mo sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Adúró-láàárín, ó sì tẹ̀lé wa wá. Bí ọyẹ́ bá dé, á wá sẹ́yìn ilé wa láàárọ̀, á ní, "Ìyá, èmi ni," á pe orúkọ náà, á ní ká ṣílẹ̀kùn. Lọ́dún àkọ́kọ́, ohùn ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọhùn ni. Lọ́dún kejì ó mọ ọ̀rọ̀ sí i. Lọ́dọọdún ló ń dàgbà.

Àwẹ̀ró mọ ẹni tó ń pè. Èmi náà mọ̀. Síbẹ̀, ó máa ń dìde, á lọ fetí ti ìlẹ̀kùn, á gbọ́ ọ tán. Kò ṣí i rí. Orí ẹní ni mo máa ń wà, màá kọjú sí ògiri. Láàárọ̀ yìí, kí ẹ tó dé, mo dìde, mo lọ bá a níbẹ̀, mo fetí tèmi náà tì í. Ohùn ọmọ náà ti ń ki, bí ohùn ọmọkùnrin tó ń bàlágà.